Ẹ má tíì pe oní-POS lólè, ẹ bi app yẹn léèrè ná

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Lẹ́tà tí màmá kan kọ sí yín ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí, èyí tí wọ́n ti ṣàlàyé bí oní-POS àdúgbò wọn ṣe yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lẹ́ẹ̀mejì nínú àkáǹtì wọn, tó tún wá ń bá wọn jiyàn pé òun ò rí kọ́bọ̀ gbà níbi ti àkọ́kọ́. Màmá ní olè ni gbogbo wọn, kí ìjọba kó wọn kúrò nílẹ̀. Mo kà á tán, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, inú mi tún bàjẹ́, torí app ni mò ń kọ jẹun, mo sì mọ̀ pé nínú irú ọ̀rọ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kí màmá má parọ́, kí oní-POS náà má parọ́, kó jẹ́ pé ẹ̀rọ ọwọ́ ẹ̀ ló parọ́ fún àwọn méjèèjì.

Mi ò ní kò sólè láàárín wọn o. Olè wà níbi gbogbo, ó wà láàárín àwa tá à ń kọ software náà. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ohun tí mo sì ń rí ni pé tí ọ̀rọ̀ owó bá ti dà rú báyìí, ìgbà tó pọ̀ jù, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló já láàárín, ẹni tó kọ app yẹn ò sì ronú débẹ̀. Mi ò dẹ́bi fún nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣá. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á já, bí òjò ṣe máa rọ̀ náà ni, ẹni tó kọ́lé tí ò kan páànù lé e kì í bá òjò wí.

Ẹ jẹ́ kí n fi iyọ̀ ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ fún ọmọ yín ní igba náírà, ẹ ní kó lọ ra iyọ̀ wá lọ́wọ́ Ìyá Ṣadé nísàlẹ̀ àdúgbò. Ẹ dúró, ẹ dúró, ọmọ ò dé. Ọbẹ̀ ti ń hó lórí iná. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ó lè jẹ́ pé ọmọ yẹn ò tiẹ̀ tíì dé ṣọ́ọ̀bù rárá, ó dúró wo bọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà. Ó lè jẹ́ pé ó ti ra iyọ̀, ó ti sanwó, ìgbà tó ń bọ̀ ló dúró wo bọ́ọ̀lù. Ó sì lè jẹ́ pé Ìyá Ṣadé ló ṣì ń wá ṣéńjì kiri. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ààrò, ohun kan ṣoṣo lẹ rí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ọmọ ò dé. Tẹ́ ẹ bá bínú rán ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pẹ̀lú igba náírà míì, iyọ̀ lè di méjì, owó náà á sì di irinwó. Bẹ́ẹ̀ ọmọ tí ò dé yàtọ̀ sí ọmọ tó padà wá pé "Ìyá Ṣadé ní iyọ̀ ti tán". Èyí tó padà wá sọ pé iyọ̀ tán, ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ dúró, ẹ lè rán an lọ síbòmíì. Èyí tí ò dé, ẹ ò mọ nǹkan kan.

Ibi tí gbogbo wàhálà wà nìyẹn o. Ọ̀pọ̀ app tá à ń lò, tí ọmọ ò bá ti dé, wọ́n á sọ pé iyọ̀ ti tán.

Ẹ wá wo POS màmá. Wọ́n fi káàdì sí i, wọ́n tẹ PIN, ọ̀rọ̀ gbéra nínú ẹ̀rọ, ó gba SIM tó wà nínú ẹ̀ lọ sórí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ẹ̀rọ, ó dé báǹkì màmá, báǹkì yọ owó, ìdáhùn wá ń padà bọ̀ pé "a ti yọ ọ́ o", ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já. POS dúró títí, nígbà tó sú u ó tẹ pépà jáde pé ó kùnà. Oní-POS wo pépà, ó ní "màmá, kò lọ o, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe". Wọ́n tún un ṣe, ó lọ. Álẹ́ẹ̀tì méjì wọlé sórí fóònù màmá. Ìjà dé.

Pépà yẹn, irọ́ ló pa. Ohun tó yẹ kó kọ ni "mi ò tíì mọ̀".

Ká sòótọ́ ṣá, àwọn tó ṣòfin bí ẹ̀rọ káàdì á ṣe máa bára wọn sọ̀rọ̀ ti rò ó tipẹ́. ISO 8583 lorúkọ òfin yẹn, ó ti wà láti 1987, ó sì láàyè nínú ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀rọ máa fi ránṣẹ́ tí ìdáhùn ò bá dé: "èyí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, tẹ́ ẹ bá ti ṣe é, ẹ dá a padà". Rifásà tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará báǹkì nìyẹn, òun náà ló fà á tí owó fi máa ń ṣàdédé padà wọlé lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ "ẹ dá a padà" yẹn náà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó já yẹn náà ló máa gbé e lọ, torí náà ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pa mọ́, kó máa fi ránṣẹ́ títí wọ́n á fi dá a lóhùn, kódà kí wọ́n pa á kí wọ́n tún tàn án. Èyí tí ò kọ ọ́ pa mọ́, tí bátìrì ẹ̀ bá ti kú, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé àwọn ẹlòmíì nìkan ni mò ń bú, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Ní 2019, alájọ kan ní ọjà Bódìjà gbé iṣẹ́ fún mi. Bàbá yìí ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́jọ tí wọ́n máa ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí ìkejì láràárọ̀, wọ́n á gba owó àjọ, wọ́n á fi báírò sàmì sí káàdì. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù kóun lè máa wò ó látilé. Mo ní kò sí wàhálà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Bódìjà, ẹ mọ̀ pé lábẹ́ páànù ọjà yẹn, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń ṣe bí ẹni tó jẹ gbèsè ni, ó yọjú, ó ti sá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé mo gbọ́n, mo kọ ọ́ sínú app pé tí ìdáhùn ò bá dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kó tún un fi ránṣẹ́, tí ò bá tún dé, kó tún un fi ránṣẹ́.

Oṣù parí, bàbá pè mí. Wọn ò kí mi, wọn ò bi mí nípa ọmọ. Wọ́n ní, "Ẹ̀ńjíníà, oṣù wo ló lọ́jọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n?" Mo ní kí lẹ wí sà? Wọ́n ní ìyá aláta kan tó ń dá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lójúmọ́, app sọ pé ó dá ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta nínú oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo wò ó, ara mi bù máṣọ. Ọjọ́ mẹ́ta nínú oṣù yẹn, owó ti wọlé sórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo fóònù ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí, níbi àkọ́kọ́, ìdáhùn ni ò dé fóònù ọmọ iṣẹ́, app mi sì tún un fi ránṣẹ́ bí mo ṣe ní kó ṣe. Ti aláta nìkan kọ́ o, kárí ọjà ni. Èyí tó dùn mí jù ni pé bàbá ti ń fojú olè wo ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn, torí owó tó kó wálé ò tó iye tí app sọ pé ó gbà. Ọmọ yẹn ti ń sunkún. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, èmi ni mo fẹ́ jẹ́ kí wọ́n lé ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́.

Oògùn ẹ̀ ò le, ó kàn yẹ kí n ti lò ó látìbẹ̀rẹ̀ ni. Gbogbo owó tí ọmọ iṣẹ́ bá tẹ̀, kí app kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú fóònù pa mọ́, kó fún un ní nọ́ńbà tí irú ẹ̀ ò sí níbòmíì, kó tó fi ránṣẹ́ rárá. Tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já tó tún un fi ránṣẹ́, nọ́ńbà yẹn náà ló máa gbé lọ. Sáfà á wò ó pé ṣé mo ti rí nọ́ńbà yìí rí? Tó bá ti rí i, kò ní kọ ọ́ mọ́, ìdáhùn tó fún un lẹ́ẹ̀kan náà ló máa tún fún un. Bíi kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí pépà fún ọmọ yẹn ni pé "iyọ̀ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ti Ìyá Bọ́lá", tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá gbé irú pépà yẹn dé, Ìyá Ṣadé á ní "ẹ̀n-ẹ́n, mo ti ta èyí, àbúrò ẹ ti gbà á, lọ wá a níbi bọ́ọ̀lù". Idempotency key làwọn tó ń ṣe é ń pè é, ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí ṣá, ẹ ṣọ́ra níbì kan tí mo ti tún ṣubú: níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣe é, mo jẹ́ kí app máa ṣe nọ́ńbà tuntun ní gbogbo ìgbà tó bá tún un fi ránṣẹ́, ìyẹn ni pé mo ṣe pépà, àmọ́ ohun tó yàtọ̀ ni mò ń kọ sí i ní gbogbo ìgbà. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá ibi tí àṣìṣe náà wà.

Nǹkan kejì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, kódà láàárín àwa tá à ń kọ ọ́, ni pé tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já, app lè máà mọ̀ rárá. Ẹ wà lórí fóònù pẹ̀lú bọ̀dá yín tó wà ní London, ẹ ń ròyìn ìgbéyàwó lọ ràì, ẹ ti sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kẹ́ ẹ tó rí i pé ìpè ti já tipẹ́. Ìdí tá a fi máa ń dá ọ̀rọ̀ dúró láàárín pé "hẹ́lóò? hẹ́lóò? ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" nìyẹn. TCP tí ọ̀pọ̀ app fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀ kì í ṣe hẹ́lóò fúnra ẹ̀. Lórí Linux, ìyẹn ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ sáfà àti fóònù Android, ẹni tó kọ app ló máa ní kó máa ṣe é, tó bá sì ní kó máa ṣe é láìsọ iye àsìkò, wákàtí 2 gbáko ló máa dákẹ́ kó tó béèrè lẹ́ẹ̀kan, tí ò bá gbọ́ èsì, á tún béèrè títí á fi pé ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, ìṣẹ́jú àáyá 75 láàárín ìkan sí ìkejì. Kódà tó bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tó ń gbìyànjú àtisọ, ó lè lò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó gbà pé ẹnì kejì ò sí níbẹ̀ mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, níwájú kọ́sítọ́mà tó ń yán!

Àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà tún ń dá kún un, torí ọ̀pọ̀ fóònù ló ń pín àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan lò lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀rọ tó ń rántí pé ti ta ni ti ta ni máa ń gbàgbé ẹni tó bá dákẹ́ pẹ́. Kò ní sọ fún yín pé òun ti gbàgbé yín. Ẹ kàn máa sọ̀rọ̀ tí ò ní sẹ́ni tó gbọ́ ni. Kẹ́ ẹ tún má tan ara yín pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kún lókè fóònù, ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé fóònù rí òpó, kò sọ pé òpó rí íntánẹ́ẹ̀tì. Android pàápàá mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń yọ́ lọ kan ilẹ̀kùn Google wò, tí wọ́n á kàn dá a lóhùn pẹ̀lú òfìfo tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 204, kó tó gbà pé íntánẹ́ẹ̀tì wà lóòótọ́.

Torí náà app gbọ́dọ̀ máa ṣe hẹ́lóò tiẹ̀ fúnra ẹ̀. Tèmi ń ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá 30-30 tí ọmọ iṣẹ́ bá ń lò ó lọ́wọ́, tó bá ṣe ẹ̀ẹ̀mejì tí ò gbọ́ èsì, á já okùn tó so ó mọ́ sáfà dànù fúnra ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Tẹ́ ẹ bá ní kó máa ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ, bátìrì àti dátà ni yóò jẹ, àwọn èèyàn á sì yọ app yín dànù. Àwọn méjì kan, Andy Stanford-Clark ti IBM àti Arlen Nipper, ti rí irú ìṣòro yìí ní 1999, páìpù epo rọ̀bì ni wọ́n fẹ́ máa ṣọ́ láti ọ̀nà jíjìn nípasẹ̀ sátẹ́láìtì tó wọ́n bí ojú. MQTT ni wọ́n pe ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún àwọn ẹ̀rọ láti máa bára wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ ni pé ẹ̀rọ á ti fi ìwé ìhágún sílẹ̀ látìgbà tó bá ti wọlé: tẹ́ ẹ ò bá gbúròó mi mọ́, báyìí ni kẹ́ ẹ sọ fún àwọn yòókù. Ìhágún lorúkọ tí wọ́n fún un lóòótọ́ o, mi ò fi kún un.

Ti WiFi tó ń di dátà lójú ọ̀nà, mi ò ní sọ púpọ̀. Ẹ jáde nílé, fóònù bọ́ kúrò lórí WiFi, àdírẹ́sì ẹ̀ yí padà, okùn TCP já. QUIC, ọ̀nà míì tí app fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀, tí wọ́n sọ di òfin ní 2021, ti tún ìyẹn ṣe, nọ́ńbà ló fi ń dá okùn mọ̀, kì í fi àdírẹ́sì dá a mọ̀, tẹ́ ẹ bá tilẹ̀ kó lọ sílé míì á ṣì dá yín mọ̀. Ó ti wà nínú fóònù yín, ẹ ń lò ó láìmọ̀.

Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa títún okùn so, torí ibẹ̀ ni mo ti jìyà jù. Ẹ ó rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì kú láti Nàìjíríà dé Benin dé Gánà dé Côte d'Ivoire. Wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ló já nítòsí Abidjan. Ìgbà yẹn, alájọ tó ń lo app mi ti tó ogójì, fóònù tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ti lé ní ẹgbẹ̀ta, sáfà mi sì wà lókè òkun. Kí ni mo kọ sínú app? Mo kọ ọ́ pé tí okùn bá já, kó máa gbìyànjú ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni fóònù ẹgbẹ̀ta fi ń kan ilẹ̀kùn tí ò sí. Ọmọ iṣẹ́ kan ní Ọjà Ọba pè mí pé fóònù òun gbóná bí áyọ́ọ̀nù.

Ìyẹn ò burú tó ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wá padà dé. Gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú ń wọlé pẹ̀lú password, kálukú tún ń gba orúkọ gbogbo kọ́sítọ́mà látìbẹ̀rẹ̀. Sáfà mi kékeré, kò lágbára ẹ̀, ó ń fà. Bó ṣe ń fà, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá pé, fóònù ní ó ti pẹ́ jù, ó já okùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá rí i pé sáfà ń se oúnjẹ fún àlejò tó ti bínú lọ, bó ṣe ń gbé abọ́ kalẹ̀ báyìí, àlejò náà tún ti wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń pàṣẹ òmíràn. Ó dìde, ó ṣubú, ó dìde, ó ṣubú. Mo tì í mọ́ gbogbo wọn nígbẹ̀yìn, mo wá ń ṣí i fún alájọ kan lẹ́yìn ìkejì títí di aago mọ́kànlá alẹ́, ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá títí ó fi tutù.

Ohun tó yẹ kí n ṣe, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìpè já. Ẹ pè é padà, nọ́ńbà ẹ̀ ní òun ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀, torí òun náà ń pè yín. Ẹ pa á, ẹ tún pè, òun náà pa á ó tún pè, ẹ ò ní bára yín sọ̀rọ̀ dalẹ́ tẹ́ ẹ bá jọ ń pè lásìkò kan náà. Títí ìkan nínú yín á fi ní "ẹ jẹ́ kí n sinmi ná". Àwọn tó kọ́kọ́ sọ èyí di ọgbọ́n fún kọ̀ǹpútà ni Norman Abramson àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Hawaii, tí wọ́n fi rédíò so kọ̀ǹpútà orí àwọn erékùṣù wọn pọ̀ ní 1971. Tí ọ̀rọ̀ méjì bá forí gbárí nínú afẹ́fẹ́, méjèèjì á bàjẹ́, kálukú á wá dúró fún iye àsìkò tó bá ṣẹ́ lọ́wọ́, bí ẹni da owó ẹyọ, kó tó tún sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn làwọn tó ṣe Ethernet, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi wáyà so kọ̀ǹpútà pọ̀, ní ilé iṣẹ́ Xerox fi kún un pé tó bá tún forí gbárí, kí ìdúró yẹn di ìlọ́po méjì.

Bí app mi ṣe ń ṣe báyìí nìyẹn. Ó dúró bí ìṣẹ́jú àáyá kan, ó di méjì, ó di mẹ́rin, ó di mẹ́jọ, kò ní kọjá ìṣẹ́jú méjì, fóònù kọ̀ọ̀kan á sì dín tiẹ̀ kù bó ṣe wù ú kí wọ́n má bàa jọ dé. Èyí kì í ṣe àṣírí o, ìwé òfin WebSocket ti 2011, ìyẹn ọ̀nà kan tí app fi ń di okùn mú mọ́ sáfà, kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé kí app tó bá já dúró fún iye tó bá ṣẹ́ láàárín òfo sí ìṣẹ́jú àáyá 5 níbi àkọ́kọ́, kó wá máa sọ ọ́ di púpọ̀ sí i. Mo ti ka ìwé yẹn rí. Mo fo ibẹ̀ ni. Àbùkún kékeré kan: tí sáfà bá sọ pé password ò tọ̀nà, ẹ má gbìyànjú mọ́, ọmọ ti padà wá pé iyọ̀ tán nìyẹn.

Àwa èèyàn náà kúkú ń ṣe bíi app burúkú. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2023 tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí owó bébà dàwátì, gbogbo ayé bọ́ sórí tiránsífà, app báǹkì ò gbà. Kí la ṣe? A tẹ̀ ẹ́, kò lọ, a tún tẹ̀ ẹ́, kò lọ, a fún ọmọ ní fóònù kó máa bá wa tẹ̀ ẹ́ lọ. Kálukú ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, iṣẹ́ tó pọ̀ jù fún báǹkì tẹ́lẹ̀ wá di ìlọ́po mẹ́wàá. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sáwọn ọ̀mọ̀wé ní Berkeley ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹwàá ọdún 1986. Láàárín ilé ìwádìí kan àti yunifásítì tí ò ju irinwó yáàdì síra wọn lọ, iyára nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já láti 32,000 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí 40 péré. Wáyà kankan ò já. Kálukú ló ń tún un fi ránṣẹ́ torí pé ìdáhùn ò tètè dé. Van Jacobson tó wá ìdí ẹ̀ rí, ohun tó fi tún un ṣe, tó gbé jáde ní 1988, kò ju pé kí kọ̀ǹpútà kọ́ sùúrù lọ: tí ọ̀rọ̀ bá ń sọnù, kí ó rọra, kó má sáré sí i.

Mo wá fẹ́ bẹ àwọn tó ń kọ app báǹkì àti POS nílẹ̀ wa, àwa bíi ara wa. Ẹ yé e kọ "failed" nígbà tẹ́ ẹ ò bá mọ̀. Ó kùnà àti a ò tíì mọ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà. Lórí app àjọ mi báyìí, nǹkan mẹ́ta ló lè hàn lábẹ́ owó kọ̀ọ̀kan, Yorùbá pọ́ńbélé ni mo sì fi kọ ọ́ torí àwọn tó ń lò ó: "ó ti wọlé", "wọn ò gbà á", àti "a ò tíì mọ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, a ṣì ń bá yín béèrè". Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀kẹta yẹn jáde, bàbá alájọ pè mí, wọ́n ní "Ẹ̀ńjíníà, ẹ̀rọ yín ní òun ò mọ̀, kí lẹ wá ń gbowó fún?" Mo ní bàbá, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi di "ó ti wọlé". Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ẹ pa dátà fóònù yín nígbà tí owó bá ń lọ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ wo ohun tí app yín á ṣe, kì í ṣe lórí WiFi ọ́fíìsì nìkan, ẹ gbé e lọ sábẹ́ páànù Bódìjà.

Màmá, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn. Ẹ wá pépà POS méjèèjì yẹn. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ RRN síwájú ẹ̀, gígùn ẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà méjìlá, ti pépà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹ gbé èyí tó ní ó kùnà lọ sí báǹkì yín pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn, ẹ ní kí wọ́n wá a, kẹ́ ẹ má kàn sọ pé "owó mi sọnù". Tó bá jẹ́ tiránsífà ni, session ID lẹ máa béèrè, ìyẹn gùn, ọgbọ̀n nọ́ńbà ni, ọjọ́ àti àsìkò tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ gan-an wà láàárín ẹ̀. Báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti sọ látọdún 2020 pé owó POS tó dà rú báyìí, kí wọ́n yanjú ẹ̀ láàárín wákàtí 72, torí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ kẹ́ ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ wá ní kí oní-POS náà ṣí ìwé owó tó wọlé fún un lọ́jọ́ yẹn níwájú yín. Tí RRN àkọ́kọ́ ò bá sí níbẹ̀, owó yín ti há sójú ọ̀nà, òun àti ẹ̀yin lẹ jọ ń jìyà. Tó bá wà níbẹ̀, tó sì tún ń bá yín jiyàn, ẹ kọ lẹ́tà kejì sí olóòtú, èmi náà á bá yín fọwọ́ sí i.

Èmi ni,
Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ app,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.